Ariwo ni wọ́n ń pa, wọn ò wo àrùn

Ẹni tó bá tún wí fún mi ní Kétu ilẹ̀ Benin yìí pé "ariwo díẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kí n dè é sí i", èmi àti olúwarẹ̀ ni yóò jọ wọ ṣòkòtò kan náà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu mẹkáníìkì mẹ́rin láàárín oṣù méjì. Mẹ́rin! Bí ẹni pé ọ̀gá kan ṣoṣo ló kọ́ gbogbo wọn níṣẹ́.

Alùpùpù bàbá mi tó ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ ni mò ń sọ, Honda CG125 tí wọ́n rà ní 1984, tí wọ́n fi ń kó àgbàdo wálé láti oko, tí wọ́n sì fi ń gbé èmi náà lọ sílé ìwé. Ọdún 1976 ni Honda kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde, irú ilẹ̀ tiwa yìí gan-an ni wọ́n sì ṣe é fún: ilẹ̀ eruku, ilẹ̀ ẹni tí kì í rántí wo ọ́ìlì, ilẹ̀ tí wọ́n ti ń di àpò mẹ́ta sẹ́yìn alùpùpù kan. Kò sí ṣéènì kankan tó ń lọ sórí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Káàmù, irin oníṣù tó ń yí, wà nísàlẹ̀, ọ̀pá tín-ín-rín méjì ń tì sókè, apá irin méjì tí à ń pè ní kulubítẹ̀ níbí, tí ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pè ní rọ́kà, á wá tẹ súpáàpù. Súpáàpù náà ni fáàfù tiyín, ilẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí èéfín ń gbà jáde. Ó tán. Kò sí awo kankan ńbẹ̀, ìyẹn ló sì ń bí mi nínú jù.

Àlàfo tó yẹ kó wà láàárín kulubítẹ̀ àti ìdí súpáàpù kò ju 0.08 mílímítà lọ. Ewé ìwé kan nípọn jù ú. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, kí písítínì wà lókè pátápátá, kí súpáàpù méjèèjì sì wà ní títì. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ńkọ́? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn ún débẹ̀ ni, ẹ́ńjìnnì gbóná débi pé èèyàn lè din àkàrà lórí rẹ̀. Kò wá irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo. Ó ní kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ó tẹ́tí bíi dókítà, ó ń yí ìdè títí kẹ̀kẹ̀kẹ̀ náà fi dákẹ́. "Bùrọ̀dá, ṣé ẹ gbọ́? Ó ti dákẹ́." Mo sanwó. Mo tún dúpẹ́!

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Súpáàpù tí wọ́n dè títí tí kò fi lálàfo mọ́ kò lè tì dáadáa. Èyí tí èéfín iná ń gbà kọjá sí sàlẹ́ńsà sì rèé, ibi tó ń jókòó lé yẹn ni ooru ara rẹ̀ ń gbà jáde jù. Kò jókòó, ooru ò ríbi lọ, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, alùpùpù ò lè gun òkè mọ́. Láàárọ̀, màá ta á títí orúnkún mi á fi máa dùn mí. Nígbà tí a tú u, etí súpáàpù ti rí bí ìgbà tí eku jẹ búrẹ́dì.

Kí n má purọ́, ìkejì mọṣẹ́ díẹ̀. Ó ra súpáàpù tuntun, ó fi ìyẹ̀fun olómi tí wọ́n fi ń lọ irin lọ̀ ọ́ mọ́ ibùjókòó rẹ̀, ó da epo bẹntiróò sí i kó lè rí i bóyá ó ń jò. Kò jò. Ó tilẹ̀ fi irin wọn àlàfo. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kẹ̀kẹ̀kẹ̀ ti padà. Kí ló dé? Orí ìdè tó ń tẹ súpáàpù ti jẹ kòtò. Irin pẹlẹbẹ yẹn á fò lórí kòtò ni, á máa purọ́ fún ẹ pé àlàfo pé. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ò wo ojú ohun tó ń wọ̀n.

Ìkẹta ni kí ẹ bá mi bú. Ó tú ìsàlẹ̀, ó rí i pé ojú irin kékeré tó ń tẹ̀lé káàmù ti jẹ. Ó rí i o! Ló bá gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Wọ́n jó irin lé e lórí, wọ́n fi fáìlì ra á lọ́wọ́ títí ó fi "jọ ti tẹ́lẹ̀". Irú irin yẹn, ojú rẹ̀ nìkan ni ilé iṣẹ́ mú le, inú rẹ̀ rọ̀. Tí o bá jó nǹkan lé e, tí o wá ń fi fáìlì họ ọ́, kò sẹ́ni tó mọ èwo ló le, èwo ló rọ̀ mọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, súpáàpù kọ̀ọ̀kan ń ṣí ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Irin jágajàga yẹn jẹ káàmù bí ìgbà tí wọ́n ń rin ẹ̀gẹ́. CG sì nìyí, ìṣù kan ṣoṣo tó wà lára káàmù ló ń ṣiṣẹ́ fún súpáàpù méjèèjì. Bó ṣe jẹ ọ̀kan, ó jẹ méjì.

Àwọn kan ń sọ pé, "Ẹ tà á, kí ẹ ra ti Ṣáínà." Ta ni yóò máa tún ti Ṣáínà ṣe? Ṣebí àwọn mẹ́rin yìí náà ni!

Mo wọ mọ́tò gba Pọ́bẹ̀, mo gba Sakẹ́tẹ́, mo dé Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ọjà Ouando. Mo ra káàmù tuntun nínú páálí tó ń dán, ọlọ́jà fi orí ìyá rẹ̀ búra pé orígínálì ni. Mo gbé e fún ìkẹrin. Òun náà tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, ó ní ariwo díẹ̀ ni, kí òun dè é sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan kanlẹ̀kùn. Ọmọ náà ò lè ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú sí mi, Bùrọ̀dá. Káàmù yẹn, kpayo ni, ayédèrú." Ó ti fi fáìlì fà á níbi kọ̀rọ̀ kan kó tó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Lórí irin tó le, ńṣe ló yẹ kí fáìlì máa yọ̀. Èyí, ó jẹ ẹ́ bí ẹni ń gé iṣu. Mo ní kí ló dé tí kò sọ níbẹ̀? Ó ní, "Ọ̀gá ò bi mí."

Àwa méjèèjì la tú u lóru yẹn, iná fóònù la fi ń ríran. Ọ̀la, tí ilẹ̀ bá ti mọ́, Àjàṣẹ́ ni mo tún ń lọ. Mo ti fi fáìlì sínú àpò. Iwájú ìsọ̀ ọlọ́jà yẹn, lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, ni màá ti fà á.