Àjẹ́ Ké Lánàá, Ọmọ Kú Lónìí

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" A máa ń pa òwe yìí bí ẹni pé ẹ̀rí tó dájú ni. Èmi a máa bẹ̀rù rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá wọ́n, tí owó ò ra nǹkan mọ́, òun ni ìlú fi ń dájọ́: àjèjì dé, ọjà gbówó lórí, ta ni kò mọ ẹni tó fà á?

Ta wá ni wọ́n ń pè ní àjẹ́? Òwe mìíràn ti dáhùn: "Ẹni a lè mú là ń lèdí mọ́." Ẹni tó kówó ìlú jẹ ní ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà. Iye tí kòkó tàbí epo rọ̀bì ń lọ lọ́jà àgbáyé kò létí tí a ó gbá. Àwọn tó kéré níye, tí èdè tàbí ẹ̀sìn wọn yàtọ̀, lọwọ́ ń tó. Àwọn Júù kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ní Jámánì. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ tó mílíọ̀nù 6 ní 1932, àwọn Júù yìí ni ẹgbẹ́ Hitler di ẹ̀bi rù. Ìbò ẹgbẹ́ náà tí kò tó 3% ní 1928 ti di 37% ní oṣù keje 1932.

Tiwa ńkọ́? Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà, fún àjèjì tí kò níwèé àṣẹ ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ 2 péré. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí wọ́n bí sí Gánà, tí wọn ò mọ ilé mìíràn, ló fi ìsọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọ́n gba òwò lọ́wọ́ onílé. Òótọ́ ni pé wọ́n pọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n gbèsè tí ìjọba jẹ lókè òkun, àwọn kọ́ ló yá a. Nígbà tí iye epo já wálẹ̀, Nàìjíríà náà lé àjèjì tó ju mílíọ̀nù kan lọ ní oṣù kìíní 1983. Ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tí Gánà lé èèyàn wọn ní 1969 náà wà lára àwọn tó ń pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa, bí olóṣèlú bá nawọ́ sí aládùúgbò yín, ẹ bi í pé: ta ló fọwọ́ sí gbèsè? Bí àwọn wọ̀nyí bá lọ lọ́la, èló ni oúnjẹ máa fi wálẹ̀? Ní Gánà, àwọn àjèjì ti lọ nígbà tí ìjọba já iye owó cedi wálẹ̀ ní oṣù kejìlá 1971. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ológun gbàjọba lọ́wọ́ Busia. Ní Nàìjíríà, ọdún 1983 náà ò tíì parí tí ológun fi lé Ààrẹ Shagari, ọjà ò sì dínwó.