Ṣé Pásẹ́ńtì Ni Ká Wá Máa Sùn Sí?

Ẹ tún ti gbọ́ àwọn kọmíṣọ́nnà ìjọba Èkó lórí rédíò, àbí? Wọ́n tún ti dé. Lọ́dọọdún tí òjò bá ti ń ṣú báyìí ni wọ́n máa ń jókòó sí Aláùsá, tí wọ́n á máa ròyìn ohun tí wọ́n gbé ṣe. Bí wọ́n bá sì ti kan ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́, pásẹ́ńtì ló kù. Tibí ti dé pásẹ́ńtì báyìí, tọ̀hún ti dé pásẹ́ńtì báyìí, èyí tó kẹ́yìn kù díẹ̀ kó parí. Lọ́dún tó kọjá, ó kù díẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, ó kù díẹ̀. Díẹ̀ wo ni kì í tán yìí?

Inú márúwá tó ń gbé mi láti Sábó lọ sí Ìgbógbo, ní Ìkòròdú níbí, ni mo ti gbọ́ tọ̀tẹ̀ yìí. Ẹ sì wo ibi tí mo ń lọ o: ilé ni mo ń wá! Lanlọ́ọ̀dù mi ní kí n jáde, pé ọmọ òun ń ti òkè òkun bọ̀ wá gbébẹ̀. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni ládùúgbò ò rí rí.

Éjẹ́ńtì ò tiẹ̀ dìde lórí bẹ́ǹṣì tó fi na ọwọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú owó ìnspẹ́kṣọ̀n wá ná." Mo san án. A dé ilé ọ̀hún, rúùmù kan àti pálọ̀, wọ́n fi pákó kan fèrèsé pa, ilé ìwẹ̀ ò ní ilẹ̀kùn. Mo fọwọ́ kan ògiri, ó tutù, iyanrìn sì ń dà sí mi lọ́wọ́. Pílásítà tí kò tíì gbẹ! Màmá onílé wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè bí ọlọ́pàá: ọmọ mélòó ni? Ṣé ìyàwó mi kì í se ẹ̀wà lójoojúmọ́, nítorí omi? Ṣé àwọn ará ilé wa kì í wá kí wa pẹ́ títí? Mo dáhùn gbogbo ẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ọdún méjì ni màá san, yàtọ̀ sí àgírímẹ́ǹtì, kọmíṣọ̀n àti kọ́ṣọ̀n.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, òfin ilé gbígbé ti ìpínlẹ̀ yìí, ti 2011, ní ẹ ò gbọ́dọ̀ gbà ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ àyálégbé tuntun."

Éjẹ́ńtì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú lọ gbé inú òfin yẹn."

Bí mo ṣe ń wá èsì ni obìnrin kan wọlé pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀, kò wo ògiri, kò wo fèrèsé, ó ti ṣe tíránsífà kí n tó wọ bàtà mi tán. Ibi tí ilé wọ́n dé nìyẹn. Owó ìnspẹ́kṣọ̀n mi ńkọ́? Ẹ má bi mí.

Gbogbo ẹni tí owó ilé ti lé kúrò ní Kétu àti Ọ̀jọ́ta ló ń ya wá bá wa ní Ìkòròdú, lanlọ́ọ̀dù tiwa náà wá ń díye bíi pé Ìkẹjà lòun wà. Iná ò sí, ọ̀nà Ṣágámù ń fọ́ wa léegun, ká jí láàárọ̀ kùtù ká lè bá wọn lọ́nà Máìlì 12, síbẹ̀ owó ilé ń lé ara ẹ̀ lọ sókè.

Mi ò sọ pé ìjọba ò kọ́ nǹkan kan. Ẹ́sítéètì wọn wà ní Ìgbógbo níbí, a sì ń rí géètì ẹ̀ bá a ti ń kọjá. Láti 2016 ni wọ́n sì ti ń sọ fún wa pé ká san pásẹ́ńtì 5, ká máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀ fún ọdún 10, ilé á di tiwa. Ó dùn létí. Ìyá tó ń ta tàtàṣé ní Sábó, níbo ló ti fẹ́ rí ìwé owó oṣù tó máa fi hàn wọ́n? Àwọn fúnra wọn ló ń sọ pé ilé tó yẹ kó wà l'Ékòó tí kò sí ti lé ní mílíọ̀nù 3!

Bàbá Jakande tó ṣe gómìnà Èkó, ọdún mẹ́rin àti oṣù díẹ̀ ni wọ́n lò, 1979 sí 1983. Ilé ara wọn ní Ìlúpéjú ni wọ́n ti ń lọ síbi iṣẹ́, ilé tí wọ́n sì kọ́ fún mẹ̀kúnnù lé ní 20,000. Ẹ lọ sí Abẹ́sàn, ẹ lọ sí Òkè Àfá, èèyàn ṣì ń gbébẹ̀ dòní. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fún àwọn èèyàn o, wọn ò fún wọn ní pásẹ́ńtì.

Nítorí náà, ẹni tó bá tún fẹ́ wá ka pásẹ́ńtì fún wa lẹ́ẹ̀míì, kó kó ìyàwó, kó kó ọmọ, kó kó jíìpù ẹ̀, kó lọ máa gbé inú ilé tó ní ó kù díẹ̀ yẹn títí òjò á fi dá. Kó san ọdún méjì sílẹ̀. Owó ìnspẹ́kṣọ̀n ò sì gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn, éjẹ́ńtì mi wà lórí bẹ́ǹṣì.