Kọ̀ǹpútà ló kú, software mi ni wọ́n fẹ́ sin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta, ó ti ń ru nínú mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti sọ ọ́ fún ọkọ mi títí ó fi sú u. Mo sọ fún àbúrò mi lórí fóònù, ó ní kí n lọ ra tuntun. Ra tuntun, ra tuntun! Ọ̀rọ̀ tó tún ń bí mi nínú jù nìyẹn.

Mo ń ta oúnjẹ ní Abẹ́òkúta níbí, lápá Kútọ̀. Ìyá mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú láfún àti ewédú, èmi ni mo fi ìrẹsì ọ̀fàdà kún un nígbà tó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ní 2013, nígbà tí èrò ti pọ̀ débi pé kíkọ sínú ìwé kò lè gbà á mọ́, mo ra software tí a fi ń ta oúnjẹ lórí kọ̀ǹpútà. POS ni àwọn tó tà á ń pè é. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti dárúkọ POS báyìí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń san owó fúnni lábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá títì ni yóò wá sí yín lọ́kàn. Kì í ṣe ìyẹn. Tèmi, oníbàárà á ní òun fẹ́ láfún mẹ́ta àti ẹja méjì, ọmọ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà á tẹ̀ ẹ́, bébà kékeré á jáde ní kíṣìnnì, òmíràn á jáde níwájú, àpótí owó á ṣí fúnra rẹ̀. Bó bá di alẹ́, mo tẹ bọ́tìnnì kan, ó sì ka gbogbo ohun tí a tà fún mi, àwo kan kò ní sọnù. Ọdún méjìlá ló fi ṣe iṣẹ́ yìí fún mi. Kò ṣàìsàn rí.

Iná ló dé lálẹ́ ọjọ́ kan tó le ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì jó kọ̀ǹpútà náà nínú. Kọ̀ǹpútà ló kú o. CD software mi wà nínú ike rẹ̀, kò ha, kò sán. Ìwé ọjà wa wà lórí flash, a máa ń kó o pamọ́ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Nítorí náà n kò bẹ̀rù. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan nígboro, mo bi ọmọ tó ń tajà, "Ṣé software mi àtijọ́ á ṣiṣẹ́ lórí èyí?" Ó ní, "Mummy, èyí lágbára ju tàtijọ́ yín lọ fíìfíì, kí ló máa ṣe é?" Windows 11, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló wà lórí rẹ̀. Mo kówó sílẹ̀.

Irọ́ ni ọmọ yẹn pa fún mi, tàbí kó jẹ́ pé kò mọ nǹkan kan nípa ohun tó ń tà. Méjèèjì kò dáa.

Ohun tó yẹ kó sọ fún mi kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Windows 7, tó jáde ní 2009, ni wọ́n kọ software mi fún, irú àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní 32-bit; 64-bit ni irú tuntun. Microsoft, àwọn tó ṣe Windows, jáwọ́ nínú Windows 7 yìí ní ọjọ́ 14 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Windows 11 tó jáde ní 2021 kò ní irú 32-bit rárá, 64-bit nìkan ni. Software 32-bit ṣì lè ṣí lórí rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Ó ṣí. Àwọn àwòrán oúnjẹ tí mo mọ̀ láti ọdún wọ̀nyí jáde lójú kọ̀ǹpútà, a pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n dráífà, èyí tó ń bá wọn túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà àti pírńtà, kò sí àánú níbẹ̀. Dráífà 32-bit kò lè wọ Windows 64-bit láé. Ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ sunkún, kò ní wọlé.

Ọmọ tó máa ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe wá. Ọmọ dáadáa ni, n kò bá a wí. Ó kọ́kọ́ fi dráífà tuntun sí i, rìsíìtì jáde, a tún pàtẹ́wọ́. Àpótí owó kò ṣí. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ̀, kọ̀ǹpútà kọ́ ló ń ṣí àpótí owó, pírńtà ni. Wáyà kan tó jọ ti tẹlifóònù àtijọ́ ló so wọ́n pọ̀. Software á fi àmì kan ránṣẹ́ sí pírńtà, pírńtà á mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun tí à ń tẹ̀ sórí bébà, á sì já àpótí náà ṣí. Dráífà tuntun yìí kò mọ àmì náà sí àmì mọ́, ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Lẹ́tà p kékeré kan ló ń jáde nísàlẹ̀ gbogbo rìsíìtì, àpótí owó á sì wà ní títì pa. Oníbàárà ń na ẹgbẹ̀rún márùn-ún síni, à ń wá kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀nà kejì tó kù ni LPT1, ihò fífẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí a máa ń ki wáyà pírńtà bọ̀. Kọ̀ǹpútà tuntun kò ní ihò yẹn. Ọmọ náà ra wáyà tó ń sọ ọ́ di USB, ihò kékeré tí a ń ki flash bọ̀, ṣùgbọ́n LPT1 nìkan ni software mi mọ̀, kò mọ ohun tó ń jẹ́ USB. Ó wá ṣe ọgbọ́n kan, ó pín pírńtà náà bí ẹni pé orí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ló wà, ó sì fi àṣẹ "net use" sọ fún Windows pé ohunkóhun tó bá forí lé LPT1, kó darí rẹ̀ síbẹ̀. Ó ṣiṣẹ́! Àpótí owó ṣí gbàgà. Mo gbàdúrà fún ọmọ náà, mo bu oúnjẹ fún un.

Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kejì, tí èrò kún ṣọ́ọ̀bù bámú, wọ́n mú iná lọ. A tan jẹnẹrétọ̀, kọ̀ǹpútà dìde, software ní òun kò rí pírńtà. Àṣẹ tí ọmọ náà kọ ti bá iná lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni a fi ń pè é lórí fóònù, tí ó ń ka àṣẹ náà fún wa ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kó tó rántí kọ ọ́ sínú fáìlì tí á máa dá ṣiṣẹ́ bí kọ̀ǹpútà bá ti tàn. Ní ìlú tí iná ń lọ tó ń bọ̀ bíi ti wa yìí, ẹ rò ó wò.

Gbogbo èyí, mo lè fi orí jì í. Èyí tó tẹ̀lé e ni n kò lè fi orí jì.

Ọmọbìnrin méjì ló ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà wa. Ọ̀kan ń wá láàárọ̀, èkejì ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án. Lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, àkáǹtì kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò. Lórí tuntun, a ṣí àkáǹtì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, mo tẹ bọ́tìnnì mi lálẹ́. Ọjà àárọ̀: òfo. Mo wo ti Tuesday: òfo. Mo wo ti Monday: òfo. Àwo kan báyìí, ọmọ yìí kò tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ó sì ń kó owó fún mi lójoojúmọ́. Iye tó wù ú ló ń kó fún mi nìyẹn, ohun tí ọkàn mi sọ nìyí.

Bó ṣe dé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, n kò jẹ́ kó jókòó. Àwọn tó ń jẹun wà níbẹ̀, n kò wojú ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Níbo lo kó owó mi sí?" Ó ní, "Mummy, mo tẹ gbogbo ẹ̀." Mo ní, "Kí ló dé tí n kò rí i?" Ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ, mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, omijé ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Ọmọ tó ti bá mi ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin. Ó mú báàgì rẹ̀, ó gbọ̀nà Lafẹnwá lọ sílé ìyá rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni ọmọ oníkọ̀ǹpútà dé. Ó ṣí àkáǹtì ọmọbìnrin náà, ó ṣí software láti ibẹ̀. Gbogbo ọjà àárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta jáde. Láfún, ẹ̀kọ, ọ̀fàdà, pọ̀nmọ́, omi inú ike. Kọ́bọ̀ kan kò dín.

Ẹsẹ̀ mi kò gbà mí mọ́, mo jókòó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, mo sì ń kọ ọ́ kí ẹlòmíràn má bàa ṣe ohun tí mo ṣe. Software àtijọ́ a máa kọ ìwé ọjà sínú fódà kan náà tí wọ́n gbé òun fúnra rẹ̀ sí, ìyẹn "Program Files". Láti ìgbà Windows Vista ní 2007 ni Windows kì í ti í jẹ́ kí àkáǹtì lásán kọ nǹkan síbẹ̀. Bí software àtijọ́ bá sì gbìyànjú rẹ̀, Windows kò ní sọ pé rárá. Á gba ìwé náà, á rọra gbé e pamọ́ sínú fódà mìíràn tó ń jẹ́ VirtualStore, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Software á máa rò pé ibi tí òun mọ̀ ni òun kọ ọ́ sí. Ọmọ àárọ̀ ní ìwé tirẹ̀, ọmọ ọ̀sán ní tirẹ̀, kò sí ẹni tó ń rí ti ẹnì kejì. Kò sí àkọlé, kò sí ìkìlọ̀, kò sí ohunkóhun lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ṣe é kí software àtijọ́ lè máa ṣiṣẹ́ ni, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó bá gbé owó mi pamọ́ tí kò sì sọ fún mi, tó jẹ́ kí n pe ọmọ ọlọ́mọ ní olè, oore wo ló ṣe mí?

Ogún ìṣẹ́jú ni ọmọ náà fi tún un ṣe. Ó gbé software náà kúrò ní "Program Files", ó fi í sí fódà tirẹ̀ lórí C, níbi tí Windows kì í ti í dá a dúró, ó tán.

Mo wá pe nọ́mbà àwọn tó tà á fún mi. Àwọn yìí kan náà ni, nígbà tí ìjọba sọ VAT di 7.5 láti 5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kejì ọdún 2020, tí wọ́n gba owó lọ́wọ́ mi láti yí nọ́ńbà kan ṣoṣo padà. Mo san án. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní àwọn kò ṣe irú èyí mọ́. Tuntun ti wà, oṣooṣù ni wọ́n ń sanwó rẹ̀, dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, bí kò bá sì sí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo ní ó dáa, ṣé ẹ máa bá mi kó ìwé ọjà ọdún méjìlá mi sínú rẹ̀? Wọ́n ní rárá, kí n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mo ní kí wọ́n fún mi ní password tó ti fáìlì ìwé ọjà náà pa, kí n fi ọwọ́ ara mi kó o. Ọkùnrin náà ní, "Mà, a ò lè fún yín, ohun ìní iléeṣẹ́ ni."

Ohun ìní ta? Láfún tí èmi rò ni. Owó tí èmi pa ni. Ọdún tí ìyá mi kú wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí a kò tajà. Oṣù tí kòrónà ti gbogbo ìlú pa wà nínú rẹ̀. Wọ́n ta àpótí fún mi, mo kó ẹrù mi sínú rẹ̀, wọ́n wá ní kọ́kọ́rọ́ kò sí nínú ohun tí mo rà. Ta ló ń ṣe irú ìyẹn lọ́jà wo? Bí alágbẹ̀dẹ bá ta abẹ fún ọ, ṣé ó tún ń wá dá ẹ̀fọ́ tó o rẹ́ dúró ni?

Àwọn kan á ní kí n dá Windows 7 padà sórí kọ̀ǹpútà. Orí kọ̀ǹpútà yẹn kan náà ni mo ti ń wo àkáǹtì báńkì mi, n kò lè fi ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ mọ́ láti 2020 ṣe é. Windows 10 náà ti kógbá wọlé ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Wọ́n tún ní kí n fi kọ̀ǹpútà kan sínú òmíràn, èyí tí wọ́n ń pè ní VirtualBox. A dán an wò, ó ń rìn bí ìgbín, èrò sì wà lórí ìlà.

Ẹ lọ wo àwọn aláàdìrẹ ní Ìtòkú. Páánù tí wọ́n gé ọnà sí, tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ, àwọn míì jogún rẹ̀ ni. Aṣọ ti yí padà, aró ti yí padà, kò sí ẹni tó jí lówùúrọ̀ wá sọ fún wọn pé páánù yín kò bá aṣọ tuntun mu mọ́, ẹ máa san dọ́là lóṣooṣù. Ohun tí kò bàjẹ́, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Bí ẹ kò bá sì lè jẹ́ kó ṣiṣẹ́, ẹ sọ fún mi kí n tó kówó sílẹ̀, kí ẹ sì kó ìwé mi fún mi.

Mo lọ sí Lafẹnwá lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá ọmọ náà kò kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Mo kúnlẹ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo dàgbà jù ú lọ. Ó ní, "Ọmọ mi kì í ṣe olè." Mo ní, "Mo mọ̀, mà."

Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ náà padà síbi iṣẹ́. Ó mú ìwé ẹlẹ́yìn líle kan lọ́wọ́, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Bó bá ti tẹ ohun tí oníbàárà fẹ́ tán, á tún kọ ọ́ sínú ìwé náà, aago àti iye owó. Kó tó lọ sílé lọ́sàn-án, á gbé e wá bá mi kí n fọwọ́ sí i. N kò bi í pé kí ló dé. Mò ń fọwọ́ sí i.