Dóńgóyárò kì í pa kòkòrò inú hóró o
Ẹni tó ní ká ṣáà da lúbúlúbú ewé dóńgóyárò sí àgbàdo tí kòkòrò ti ń jẹ, pé gbogbo kòkòrò á kú lọ́jọ́ kejì tẹyintẹyin, irọ́ ni jàre. Abo kòkòrò yẹn máa ń lu ihò sára hóró ni, á yé ẹyin síbẹ̀ á tún dí i pa, inú ibẹ̀ náà ni ìdin ti ń jẹun tó ń dàgbà fún bí ọ̀sẹ̀ 5, báwo ni lúbúlúbú tó wà níta ṣe fẹ́ débẹ̀? Dóńgóyárò ń lé wọn ni, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n bí sí i dáadáa, torí náà ọkà tó gbẹ, tí kòkòrò ò tíì wọ̀, lẹ máa pò ó mọ́. Àtèyí tí ẹni náà tún ní pé ewé ni, pé kò lè pààyàn, ṣebí ewé náà ni tábà, májèlé sì ni nikotínì inú ẹ̀.