Ẹ yéé sọ pé owó nìkan ló ń dá hẹlikọ́pítà ológun dúró

Tí ìròyìn bá ti jáde pé àwọn agbébọn ya wọ abúlé kan tí hẹlikọ́pítà ò sì tètè dé, ẹ lọ dúró nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn l'Ójúẹlẹ́gba, ohun kan náà lẹ máa gbọ́: owó ni ò sí, wọ́n ti kó o jẹ, ká ní Amẹ́ríkà ni, kíá ni wọ́n á ti débẹ̀. Ìkówójẹ wà, mi ò bá ẹnì kankan jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ti Amẹ́ríkà yẹn, irọ́ ni, ó sì máa ń dùn mí gan-an torí kì í jẹ́ ká rí ibi tí wàhálà ọ̀hún wà.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Amẹ́ríkà gbógun wọ Grenada, erékùṣù kékeré kan ní Caribbean, lóṣù kẹwàá ọdún 1983. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà há sí Grand Anse, àwọn Ranger, ìyẹn ṣọ́jà orí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Army, ló fẹ́ lọ kó wọn jáde, ṣùgbọ́n hẹlikọ́pítà tó wà nítòsí, ti àwọn Marine ni, ẹ̀ka ológun mìíràn tó yàtọ̀ sí Army. Schwarzkopf, ọ̀gágun Army tó wà níbẹ̀, fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ nígbà tó yá pé ọ̀gá Marine kan kọ̀ jálẹ̀, ó ní àwọn ò ní fi hẹlikọ́pítà àwọn gbé ṣọ́jà Army, tó bá di dandan, àwọn ọmọ tòun ni kó lọ. Wọ́n bi í pé ìgbà wo nìyẹn máa jẹ́, ó ní ó kéré tán, wákàtí 24! Àfìgbà tí Schwarzkopf sọ fún un pé kóòtù ológun ló máa bá ara ẹ̀ tó bá kọ àṣẹ yìí, kó tó gbà. Nínú ogun yẹn náà, hẹlikọ́pítà Army gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ lọ sínú ọkọ̀ ojú omi Nefì tó ń jẹ́ Guam, ni iṣẹ́ bá dé láti ọ́fíìsì owó Nefì ní Washington pé kí wọ́n má fún wọn lépo o, torí wọn ò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó máa sanwó ẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn tó wà nínú ọkọ̀, wọn ò dá wọn lóhùn, wọ́n rọ epo fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé owó ni Amẹ́ríkà ò ní?

Ti Iran lóṣù kẹrin 1980 tiẹ̀ burú ju ìyẹn lọ. Hẹlikọ́pítà Nefì, àwọn Marine ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wà á, Air Force ló gbé epo, Army ló fẹ́ lọ gba àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ní Tehran, wọn ò sì jọ ṣe ìdánrawò odindi iṣẹ́ náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan rí. Ìjì eruku wà lóòótọ́, ẹ̀rọ náà bàjẹ́, nígbà tí wọ́n sì ń padà ni hẹlikọ́pítà kan lọ kọlu bàálù epo, èèyàn 8 kú.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Wọ́n ra Chinook 8, hẹlikọ́pítà ńlá tó ń kó ṣọ́jà, lọ́dún 1995, ó dé ní 2001, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n kọ nígbà tí wọ́n ń rà á ò pàṣẹ pé kí wọ́n kó gbogbo àlàyé sọ́fúwíà ẹ̀ wá, kò wá sẹ́ni tó lè fọwọ́ sí i pé ó ṣeé fò nínú kùrukùru. Ó wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí ṣọ́jà wọn ń wá hẹlikọ́pítà lójú méjèèjì ní Afghanistan.

Nílé níbí, Air Force ní tiwọn, Nefì ní tiwọn, ọlọ́pàá ní tiwọn, Army náà ti dá ẹ̀ka tiwọn sílẹ̀. Ọ̀gá ṣọ́jà tí ọ̀tá ká mọ́ ò láṣẹ lórí bàálù Air Force, ó gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀ gba ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá tiwọn. Ti òkè òkun tún wà níbẹ̀: lọ́dún 2014 a fẹ́ ra Cobra, hẹlikọ́pítà ìjà, lọ́wọ́ Ísírẹ́lì, Amẹ́ríkà tó ṣe é ò fọwọ́ sí i, Adebowale Adefuye tó jẹ́ aṣojú wa lọ́hùn-ún figbe ta ní gbangba pé wọn ò fẹ́ ta ohun ìjà fún wa. Ó di 2022 kí wọ́n tó fọwọ́ sí i pé a lè ra Cobra 12, owó ẹ̀ sì ku díẹ̀ kó pé bílíọ̀nù kan dọ́là.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin wa láti Èkó bá wa béèrè l'Ábújá nìyí: tí ṣọ́jà bá pè lóru, ta ló ń gbé fóònù yẹn, èèyàn mélòó ló sì máa buwọ́ lùwé kí hẹlikọ́pítà tó gbéra?