Ọgbọ́n Ọlọ́gbọ́n

Àwọn àgbà ní, "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè." Ẹ wò ó dáadáa, òwe yìí kò dárúkọ ọmọdé. Àgbà ló ń bá wí. Ọmọdé tí kò gbọ́n, a ó ní kò tíì dàgbà ni. Àgbà tó bá di ọgbọ́n tirẹ̀ nìkan mú, tí kò yá ti ẹlòmíì lò, òun laráyé ń wò bí ẹni tórí rẹ̀ dàrú.

Síbẹ̀, ọmọdé là ń lé lọ sídìí ìwé. "Lọ kàwé rẹ" kì í wọ́n lẹ́nu wa. Àwa tí à ń pàṣẹ ńkọ́? Ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ wa gbàwé ẹ̀rí ni wọ́n ti dágbére fún ìwé, àfi èyí tí iṣẹ́ bá gbé ka iwájú wọn. Nígbà tó bá yá, ohun tí a mọ̀ lọ́mọ ọdún 25 la ṣì ń tẹnu mọ́ lẹ́ni ọdún 50. Ewú nìkan la fi kún un.

Kimani Maruge, ará Kẹ́ńyà, kò gbà bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀. Ẹni ọdún 84 ni nígbà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004, ó jókòó láàárín àwọn ọmọ tó tó ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ ka Bíbélì. Mo fẹ́ràn ìdí yẹn gan-an, torí ẹni tí kò lè kà, ohun tí ẹlòmíì bá ní ó wà níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà.

Ọgbọ́n ẹlòmíì lòwe náà sì wí. Bí gbogbo ìwé tí mò ń kà bá ń sọ fún mi pé "òótọ́ lo sọ", ara mi ni mò ń wò nínú dígí. Lójú tèmi, nínú ìwé márùn-ún, ó yẹ kí ọ̀kan wà tí yóò bí wa nínú díẹ̀. (Mi ò ka ìwé tó ń ṣèlérí pé a ó dolówó lọ́sẹ̀ méjì mọ́ irú èyí o. Ìyẹn kì í bíni nínú, orí ló ń fọ́ni.)

Ní ti àìráyè, mi ò ní sọ púpọ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ojú ewé 10 lóòjọ́, 3,650 ni lọ́dún. Bí ìwé kan bá lójú ewé 250, 14 la ti kà yẹn, díẹ̀ sì tún kù nílẹ̀.

Ìgbàgbé gan-an ló ń dààmú èèyàn. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, fi ara rẹ̀ dán an wò: ó ń há àwọn ègé ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ sórí, ó sì ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ́ lórí rẹ̀. Lọ́dún 1885 ló tẹ ohun tó rí jáde. Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an lèyí tó pọ̀ jù ń lọ, ìyókù á wá máa yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ka 40 ìwé lọ́dún tí kò padà sí ìkankan, ajere ló fi ń pọnmi.

Montaigne, ará Faransé tó kú lọ́dún 1592, mọ irú orí tóun ní. Ó máa ń mú ìwé tó ti kà rí bí ẹni mú tuntun. Ló bá sọ ọ́ dàṣà: bó bá ka ìwé parí, á kọ ọjọ́ náà sẹ́yìn rẹ̀, á sì kọ ohun tó rò nípa ẹni tó kọ ọ́.

Mo yá àṣà yìí lò. Láìpẹ́ yìí, mo tún mú ìwé kan tí mo kà lọ́dún 12 sẹ́yìn, lórí béèyàn ṣe ń kó ìbínú níjàánu. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti bá ìkọ̀wé mi: "Wèrè ni bàbá yìí. Ta ló lè ṣe gbogbo èyí?" Mo jókòó tì í, mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó gbà mí lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Mo kọ ọjọ́ tuntun sábẹ́ ti àkọ́kọ́, mo sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé: "Ẹ forí jì mí, bàbá."