Kí ni wọ́n ń pè ní gbèdéke májèlé nínú oúnjẹ ọmọdé?

Ọkàn mi kì í balẹ̀ nígbà tí àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ọmọdé bá sọ pé òjé, májèlé tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní lead, tó wà nínú ọjà àwọn kò kọjá gbèdéke, nítorí ọ̀pọ̀ òbí gbà pé ohun tí kò bá kọjá gbèdéke kò léwu. Títí di ọdún 2010, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé jọ gbé kalẹ̀ fàyè gba máíkrógíráàmù òjé 25 (máíkrógíráàmù kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù gírámù kan) lọ́sẹ̀ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn wọ̀n. Lọ́dún náà ni wọ́n fagi lé e, torí ẹ̀rí fi hàn pé ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ń dín làákàyè ọmọdé kù, wọn kò sì rí iye mìíràn tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu.

Ìṣirò kan wà tó ká mi lára gan-an. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, sọ pé òjé inú kílò kan oúnjẹ ọmọdé tí wọ́n fi ohun ọ̀gbìn abẹ́ ilẹ̀ bíi kárọ́ọ̀tì nìkan ṣe kò yẹ kó ju máíkrógíráàmù 20 lọ. Bí ọmọ bá jẹ gírámù 100 péré nínú oúnjẹ tó kan gbèdéke yìí, máíkrógíráàmù 2 ló gbé mì, bẹ́ẹ̀ àjọ yìí kan náà ló fi máíkrógíráàmù 2.2 ṣe òdiwọ̀n fún ọmọdé láàárín ọjọ́ kan. Abọ́ kékeré kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀ tán, omi, wàrà àti oúnjẹ alẹ́ kò sì tíì dé. Àjọ Ìlera Àgbáyé tún jẹ́ kó yé wa pé òjé tó ń wọ ara ọmọdé láti inú ohun tó jẹ tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà, àìtó irin àti kálísíọ́mù nínú ara sì ń mú kó pọ̀ sí i.

Òbí lè máa pààrọ̀ oúnjẹ ọmọ kí ó má bàa jẹ́ irú kan ṣoṣo lójoojúmọ́, ó sì lè fi omi púpọ̀ se ìrẹsì kí ó sì da omi náà nù, èyí tó ń dín aséníìkì, májèlé mìíràn, tó wà nínú rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n kò sí òbí tó lè fojú rí òjé. Òfin ìpínlẹ̀ California mú un ní dandan láti ọdún 2025 pé kí àwọn iléeṣẹ́ gbé èsì àyẹ̀wò oúnjẹ ọmọdé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Èmi kò rí ìdí tí àwọn ìjọba yòókù kò fi ní béèrè irú rẹ̀.